Ìbéèrè Yín: Ṣé Dandan Ni Ká Wọn Gbogbo Ojú Áńtẹ́nà Tán Ká Tó Mọ Bó Ṣe Ń Ṣe?

Lóṣù tó kọjá mo kàn sọ ọ́ ní ìlà méjì péré pé ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń pè ní compressive sensing, tó lè jẹ́ ká mọ bí áńtẹ́nà ṣe ń fọ́n ìgbì ká láì dúró wọ̀n ọ́n ní gbogbo dìgírì. Mo rò pé ẹ máa fojú fò ó ni. Háà! Lẹ́tà tó wọlé lórí ìlà méjì yẹn pọ̀ ju ti gbogbo nǹkan yòókù lọ, àwọn kan ń béèrè bí wọ́n ṣe máa lò ó, àwọn kan ń pè mí ní òpùrọ́ (wọ́n ṣá fi ọ̀wọ̀ sí i). Mo ti ṣa mẹ́fà nínú wọn, mo sì gé àwọn tó gùn jù kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, áńtẹ́nà kan ni iṣẹ́ ìparí ẹ̀kọ́ mi, kò ju 30 sẹ̀ǹtímítà lọ láti etí kan sí èkejì, 3 GHz ló ń lò. Ọ̀gá mi ní kí n wọ̀n ọ́n yípo bíi bọ́ọ̀lù ní dìgírì kọ̀ọ̀kan. Mo ṣírò ẹ̀, ó lé ní wákàtí 18, wákàtí 4 péré sì ni wọ́n fún mi nínú yàrá ìwọ̀n. Ṣé compressive sensing lè gbà mí? (Akẹ́kọ̀ọ́ Tójú Ń Pọ́n)

ÌDÁHÙN: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ìṣirò ẹ ò burú: ìlà 181 láti orí dé ìdí, ojú 360 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 65,160 nìyẹn, tí ojú kọ̀ọ̀kan bá gba sẹ́kọ́ńdì kan, wákàtí 18 ti lọ. Ṣùgbọ́n kí n tó dá ẹ lóhùn, èmi náà ní ìbéèrè kan. Ta ló ní dìgírì kọ̀ọ̀kan ni?

Mi ò fi ọ̀gá ẹ ṣe yẹ̀yẹ́ o, dìgírì kan dùn ún sọ, àwòrán ẹ̀ sì máa ń dán lójú. Àmọ́ áńtẹ́nà tó fẹ̀ gan-an nìkan ni agbára ẹ̀ lè máa lọ sókè sódò láàárín dìgírì kan sí méjì, tìẹ ò fẹ̀ tó yẹn. Bí wọ́n ṣe ń ṣírò ẹ̀ rèé. Fojú inú wo bọ́ọ̀lù tó kéré jù lọ tó lè gba gbogbo áńtẹ́nà náà sínú, láti àárín bọ́ọ̀lù yẹn dé etí ẹ̀ jẹ́ 15 sẹ̀ǹtímítà. Ní 3 GHz, gígùn ìgbì kan jẹ́ 10 sẹ̀ǹtímítà. Sọ 15 di ìlọ́po 6.28, pín in sí 10, wàá rí 9.4. Fi 10 lé e kọ́kàn ẹ lè balẹ̀, ó di 19.4, ká kúkú pè é ní 20. Gbogbo ohun tí áńtẹ́nà ẹ lè tú síta, àpapọ̀ àwọn ìgbì ìpìlẹ̀ kan ni, spherical modes lorúkọ wọn, iye wọn sì jẹ́ 2 × 20 × 22, ìyẹn 880. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. O wá fẹ́ lọ kó ojú 65,160 jọ, ìkọ̀ọ̀kan ní polarization méjì (ìhà méjì tí ìgbì lè máa mì sí), nọ́ńbà tó lé ní 130,000, láti fi wá nǹkan 880!

Tó o bá fi dìgírì 7.5 sáàárín ojú kan sí èkejì, ìlà 25 ni, ojú 48 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, 1,200 lápapọ̀. Ogún ìṣẹ́jú nìyẹn, tàbí ogójì ìṣẹ́jú tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì lo máa yí i torí polarization méjèèjì. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á wá 880 yẹn jáde, á sì fi ya àwòrán fún ẹ ní dìgírì kan, kódà ní ìdajì dìgírì tó bá wù ẹ́, kì í ṣe pé ó ń méfò o, ìṣirò ló fi ṣe é. Àwọn ará Technical University of Denmark wà lára àwọn tó sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé ń lò, ó sì ti wà tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ compressive sensing.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ọ̀pọ̀ ìyìn táwọn èèyàn ń fún compressive sensing, ẹ̀tọ́ ọ̀nà àtijọ́ yìí ni. Ẹni tó wọn ojú 300, tó fi wé 65,160, tó wá ń pariwo pé òun dín iṣẹ́ kù ní ìlọ́po igba, ara ẹ̀ ló ń tàn. 1,200 ló yẹ kó fi wé. Ìlọ́po mẹ́rin ló dín in kù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, kí ló wá dé tó ń bù mọ́ ọn?

Ó dáa, ibo wá ni compressive sensing ti wọlé? Nínú 880 yẹn, ọ̀pọ̀ ló lè jókòó láìṣe nǹkan kan. Wo áńtẹ́nà horn olójú róbótó, irú èyí tó rí bíi fèrè, tó bá dúró ṣánṣán sí àárín bọ́ọ̀lù tó sì ń gba ìgbì bó ṣe yẹ láti ìdí, nínú 880, 80 péré ló lè ṣiṣẹ́, ìrísí rẹ̀ tó yípo ò jẹ́ kí àwọn yòókù ráyè wọlé. Tòun tiẹ̀ rọrùn torí a mọ 80 tó jẹ́, a kàn máa wá àwọn yẹn ni. Ibi tí compressive sensing ti wúlò ni ibi tó o ti mọ̀ pé díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, àmọ́ o ò mọ èwo ni. Níbẹ̀, iye ohun tó o máa wọ̀n á máa tẹ̀lé 80, kò ní í tẹ̀lé 880: o máa sọ 80 di ìlọ́po logarithm (èyí tí wọ́n ń kọ ní ln) 880 lórí 80, ìyẹn bíi 192, wàá tún sọ ọ́ di ìlọ́po méjì sí mẹ́ta torí ariwo. Ká pè é ní nọ́ńbà 400 sí 600. Ojú kọ̀ọ̀kan ń fún ẹ ní nọ́ńbà méjì, torí náà ojú 200 sí 300 ni.

Kí n má gbàgbé, gbé áńtẹ́nà náà sí àárín o. Tó o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú 15 sẹ̀ǹtímítà, bọ́ọ̀lù tó máa gbà á á di ìlọ́po méjì, 880 á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di 1,800, áńtẹ́nà kan náà o, ibi tó dúró sí nìkan lo yí padà. Mo ti rí ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan bá sọ́fíwíà jà lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó jẹ́ pé òpó tó gbé áńtẹ́nà lé ló gùn jù.

Torí náà, lọ fi ogójì ìṣẹ́jú wọn 1,200 ẹ. Wákàtí mẹ́ta tó kù, fi dán compressive sensing wò, kó o sì lo 1,200 yẹn bí ẹlẹ́rìí. Tí ọ̀gá ẹ bá yarí, má dárúkọ mi.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ rédíò. Òfin Nyquist tí wọ́n kọ́ wa ni pé a gbọ́dọ̀ wọn signal ní ìlọ́po méjì frequency ẹ̀ tó ga jù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ irọ́ la máa rí. Ohun téèyàn ò wọ̀n, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi idán kọ́ àwọn ọmọ. (Àgbà Rédíò)

ÌDÁHÙN: Sà, mo kí yín o. Mi ò ní bá yín jiyàn lórí ohun tí wọ́n kọ́ yín, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wo ẹni tí òfin yẹn ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa signal náà ju ibi tí frequency ẹ̀ parí sí ló ń bá sọ̀rọ̀, ó ń ṣèlérí fún un pé tó o bá wọ̀n ọ́n tó báyìí, ohun yòówù kí signal náà jẹ́, wàá gbà á padà pérépéré. Kò sọ pé ẹni tó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ò lè fi díẹ̀ ṣe é.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kékeré. Nǹkan méjì wà tí a ò mọ̀, A àti B. Ẹ̀ẹ̀kan péré la wọ̀n wọ́n, ohun tí a rí ni pé A pẹ̀lú ìlọ́po méjì B jẹ́ 2. Ìdáhùn ẹ̀ ò lóǹkà, A lè jẹ́ 1 kí B jẹ́ ìdajì, A lè jẹ́ 2 kí B jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Least squares, ọ̀nà ìṣirò àtijọ́ tí gbogbo wa mọ̀, máa mú èyí tí agbára ẹ̀ kéré jù, A = 0.4, B = 0.8, ó pín ẹrù náà fún àwọn méjèèjì. Compressive sensing ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé nínú gbogbo ìdáhùn tó bá ìwọ̀n mu, ẹ mú èyí tí àpapọ̀ A àti B ẹ̀ kéré jù láìwo àmì iwájú wọn. Ìyẹn á mú A = 0, B = 1, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 1, ti tàkọ́kọ́ jẹ́ 1.2. Ẹ rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló gbé ẹrù, èkejì jókòó. Gbogbo àṣírí ẹ̀ ò jù yẹn lọ: ìṣirò yẹn fẹ́ràn kí àwọn díẹ̀ ṣe iṣẹ́ káwọn tó kù jókòó.

Ẹ máa bi mí pé tó bá jẹ́ A nìkan ló ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́ ńkọ́? Á ṣì í mú, sà. Ìwọ̀n kan ò tó láti fi dá méjì mọ̀, bí ìwọ̀n ṣe ń pọ̀ sí i ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń dínkù títí kò fi ní í sí mọ́. Tó bá sì jẹ́ pé A àti B jọ ń ṣiṣẹ́, tí kò sẹ́ni tó jókòó nínú wọn, irọ́ gbuu ni ìdáhùn yẹn, kò sí iye ìgbà téèyàn lè pè é ní compressive sensing tó máa sọ ọ́ di òótọ́. Ìmọ̀ tẹ́ ẹ ní ṣáájú kẹ́ ẹ tó wọ yàrá ìwọ̀n lẹ fi ń san owó ojú tẹ́ ẹ ò wọ̀n. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe idán.

Lọ́dún 2006 ni ọ̀rọ̀ yìí gbóná, nígbà tí Emmanuel Candès, Justin Romberg àti Terence Tao lápá kan, David Donoho lápá kejì, fi ìṣirò hàn ìgbà tó máa ń ṣiṣẹ́ àti ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi ìró wo abẹ́ ilẹ̀ láti wá epo rọ̀bì ti ń lo irú ìṣirò yẹn láti àwọn ọdún 1970, wọ́n rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, wọn ò kàn mọ bí wọ́n ṣe máa fi ẹ̀rí ẹ̀ lélẹ̀ tán ni. Lónìí ẹ̀rọ MRI tí wọ́n fi ń yàwòrán inú ara ń lò ó kí aláìsàn má bàa pẹ́ jù nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un torí mo mọ̀ pé ẹ máa padà wá bi mí: kí ló dé tí ojú tí a máa wọ̀n fi gbọ́dọ̀ wà lọ́tùn-ún lósì láìlétò? Ẹ ti rí i nínú fíìmù rí pé táyà mọ́tò á máa yí sẹ́yìn nígbà tí mọ́tò ń lọ síwájú. Torí kámẹ́rà ń yàwòrán ní àkókò tó dọ́gba ni, tó bá sì ti lọ́ra jù, yíyí síwájú àti yíyí sẹ́yìn á jọra bí ìbejì. Tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà náà ń yà á ní àkókò tí kò dọ́gba, ìbejì yẹn ò ní í lè jókòó síbì kan mọ́, á fọ́n ká di ariwo wúruwùru, ariwo wúruwùru sì ni ìṣirò wa mọ bó ṣe ń gbá kúrò. Tí a bá wọn díẹ̀ ní ìlà tó tò gbọọrọ, ẹ̀yin lẹ jàre, irọ́ la máa rí.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀rọ tí mo ní ń fi bí agbára ṣe pọ̀ tó hàn nìkan, kò fi phase hàn, ìyẹn ibi tí ìgbì dé nínú lílọ sókè sódò ẹ̀. Ṣé mo ṣì lè ṣe é?

ÌDÁHÙN: Rárá, o ò lè ṣe é bí mo ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí. Tí kò bá sí phase, ìṣirò náà ò ní í jẹ́ àròpọ̀ lásán mọ́. Àwọn kan ń wá phase padà láti inú agbára nìkan, àmọ́ wọ́n máa ń nílò ojú tó pọ̀ sí i gan-an, tàbí kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní ọ̀nà jíjìn méjì, èrè tó ò ń wá ti lọ nìyẹn. Lọ yá VNA, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń wọn agbára àti phase pọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Mo ní kí kọ̀ǹpútà fi lọ́tùn-ún lósì yan ojú 300 fún mi dípò 1,200, ìdáhùn tó jáde sì dáa gan-an. Àmọ́ àkókò tó gbà ju ti 1,200 lọ! Kí ni mo ṣe tí kò dáa? (Ẹni Tó Fẹ́ Sùn)

ÌDÁHÙN: Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo ka lẹ́tà ẹ, kì í ṣe ẹ̀rín ẹlẹ́yà o, ìrántí ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi náà dán an wò, mo fún ẹ̀rọ tó ń yí áńtẹ́nà ní ojú 200 bí kọ̀ǹpútà ṣe yàn wọ́n gẹ́lẹ́, mo bá lọ jókòó síta. Ẹ̀rọ yìí ń ti orí sáré lọ sí ìdí, ó ń yí lọ ó ń yí bọ̀, nígbà tí mo fi padà dé, wáyà ti wé mọ́ òpó bí ejò, ọ̀kan ti já kúrò, ìdajì dátà mi sì jẹ́ ariwo. Ẹni tó ni yàrá ìwọ̀n náà ò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ohun tí kò sẹ́ni tó máa ń sọ fún èèyàn ni pé wíwọ̀n gan-an ò gba àkókò, ìrìn ló ń gbà á. Nínú yàrá tó dáa, ẹ̀rọ ò dúró ní ojú kọ̀ọ̀kan mọ́, ó kàn ń yí lọ gbére, VNA á sì máa wọ̀n bó ṣe ń lọ, torí náà ojú 48 lórí ìlà kan àti ojú 360 lórí ìlà kan náà lè gba iye ìṣẹ́jú kan náà. Iye ìlà ló ń sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Tó o bá wá fọ́n ojú 300 káàkiri, o ti sọ ìlà 25 di ìrìn 300, tí ẹ̀rọ náà ń gbéra, tó ń dúró, tó ń mì títí ara ẹ̀ á fi balẹ̀.

Kí lo máa ṣe? Tó ò bá lè yí nǹkan míì padà, ó kéré tán to àwọn ojú náà kí ẹ̀rọ lè máa lọ láti orí sí ìdí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láì máa padà sẹ́yìn, kò sóhun tí ìyẹn máa bà jẹ́ nínú ìṣirò, torí kò kan ìṣirò bóyá èwo lo kọ́kọ́ wọ̀n. Èyí tó dáa jù yẹn ni kó o yan odindi ìlà láìlétò dípò ojú, bíi ìlà 8 nínú 25, kó o sì wọ̀n wọ́n gbére. Kò ní fọ́n ká dáadáa tó ojú lásán, àmọ́ àkókò á dínkù lóòótọ́. Àwọn kan ń jẹ́ kí áńtẹ́nà máa yí nígbà tí apá tó gbé probe (áńtẹ́nà kékeré tí wọ́n fi ń wọ̀n) ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ipa ọ̀nà ẹ̀ á wá dà bí ìkarahun ìgbín, ẹ̀rọ méjèèjì ò sì ní í dúró rárá. Tó bá jẹ́ yàrá olówó ńlá lo wà, tí probe pọ̀ lórí òrùka ńlá kan tí wọ́n ń fi iná tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, fọ́n ojú ká bó ṣe wù ẹ́ lórí òrùka yẹn, kò sóhun tó ń rìn níbẹ̀.

Nǹkan míì tún wà tí o ò béèrè. Báwo ni kọ̀ǹpútà ẹ ṣe yan àwọn ojú yẹn? Tó bá jẹ́ pé ó kàn ń mú dìgírì láàárín 0 sí 180 bó ṣe rí i, àwọn ojú náà á ṣùjọ sí orí àti ìdí bọ́ọ̀lù, torí ibẹ̀ kéré, àárín ló fẹ̀. Ó lè yan cosine dìgírì náà dípò dìgírì fúnra ẹ̀, tàbí kó o sọ fún ìṣirò náà pé àwọn ti orí àti ìdí yẹn ò wúwo tó àwọn ti àárín. Ọ̀kan nínú méjèèjì, má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ojú 250 ni mo lò. Main lobe (ibi tí agbára ti pọ̀ jù) jáde bó ṣe yẹ, àmọ́ sidelobe (agbára kékeré tó ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́) kan tí a mọ̀ dáadáa pé ó wà ní −38 dB ti pòórá. Ọ̀gá wa ní áńtẹ́nà náà ti dáa sí i, inú ẹ̀ ń dùn. Inú tèmi ò dùn. (Ẹni Tó Ń Fura)

ÌDÁHÙN: Ìwọ gan-an lo mọ ohun tó ń ṣe. Sọ fún ọ̀gá kó má tíì ṣe àjọyọ̀.

Ní −38 dB, tí main lobe bá jẹ́ 100, sidelobe yẹn ò tó 1.3. Ohun kékeré gbáà ni. Ìṣirò tí mo sọ fún Àgbà Rédíò lókè yẹn, tó fẹ́ kí àwọn díẹ̀ máa ṣiṣẹ́ káwọn tó kù jókòó, bó ṣe ń ṣe é ni pé ó ń ti gbogbo nọ́ńbà sún mọ́ òdo, àwọn tó kéré ló sì máa ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àwọn ńlá náà ń dínkù díẹ̀, àmọ́ o ò lè fi ojú rí i. Gbogbo sọ́fíwíà yìí ló ní nọ́ńbà kan tó ń bi ẹ́ pé báwo ni ìdáhùn ṣe lè yàtọ̀ sí ohun tó o wọ̀n tó, tó o bá fi 2 nínú 100 síbẹ̀ torí pé ó jọ nọ́ńbà tó dáa lójú, o ti fún un láṣẹ kó gbé ohunkóhun tó kéré sí ìyẹn mì. Ó gbé e mì. Kò ṣẹ̀ ẹ́.

Má méfò nọ́ńbà yẹn. Gbé áńtẹ́nà sójú kan, wọ̀n ọ́n nígbà 100 láì fọwọ́ kàn án, wo bí àwọn ìdáhùn náà ṣe yàtọ̀ síra wọn tó. Bí ariwo yàrá ẹ ṣe pọ̀ tó nìyẹn, òun ni kó o fi síbẹ̀. Tí ariwo náà fúnra ẹ̀ bá ti ga tó −38 dB, a jẹ́ pé kò sí ìṣirò tó máa bá ẹ yọ sidelobe yẹn, àfi kó o wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kó o pín in dọ́gba. Lẹ́yìn tí compressive sensing bá ti sọ mode tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹ, má gba iye tó fún wọn. Orúkọ wọn nìkan ni kó o gbà, kó o wá fi least squares àtijọ́ ṣírò iye wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, láàárín àwọn yẹn nìkan. Èyí tó ti sún sẹ́yìn nínú wọn á padà sípò ẹ̀.

Nínú 250 ẹ, fi 30 pamọ́ tí sọ́fíwíà ò ní í rí rárá, kó o jẹ́ kí mélòó kan nínú wọn wà níbi tí sidelobe yẹn wà gan-an. Tó bá parí, ní kó sọ ohun tó yẹ kó wà ní ojú 30 yẹn. Má wá lọ fi àṣìṣe ẹ̀ wé main lobe o, ibẹ̀ làwọn èèyàn ti ń tan ara wọn jẹ: àṣìṣe tó jẹ́ 1 nínú 100 main lobe, tá a bá fi wé sidelobe ẹ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi ẹ̀. Wo àwọn ibi tí agbára ti kéré lọ́tọ̀.

Kí n tó fi èyí sílẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń pe ojú tó pọ̀ jù ní ìfàkókòṣòfò, èmi náà sọ bẹ́ẹ̀ lókè, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló ń ṣòfò. Fóòmù dúdú onígun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá ìwọ̀n kì í gbé gbogbo ìgbì mì, díẹ̀ máa ń ta padà. Ìgbì tó ta padà láti ògiri máa ń hùwà bí ẹni pé áńtẹ́nà náà tóbi ju bó ṣe tóbi lọ, tí ojú tó o wọ̀n bá pọ̀ ju ohun tó o nílò lọ, ìṣirò á rí i pé èyí ò lè wá láti inú bọ́ọ̀lù tó gba áńtẹ́nà ẹ sínú, á sì yọ ọ́ dànù. Ojú 250 ò ní àyè fún ìyẹn. Ìgbì ògiri á wọlé, á jókòó, á sì máa jẹ́ orúkọ áńtẹ́nà. Torí náà, nínú yàrá tí fóòmù ẹ̀ ti gbó, má fi ojú ṣahun.

ÌBÉÈRÈ: Áńtẹ́nà array la ní, ẹyọ 100 ló wà nínú ẹ̀, 10 GHz ló ń lò. A fura pé bíi mẹ́ta ti kú. Ṣé ó máa gbà kí a tú gbogbo ẹ̀ palẹ̀ kí a tó mọ èyí tó kú?

ÌDÁHÙN: Ẹ má tú nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni mo máa sọ pé compressive sensing bá a mu bí ìbọ̀wọ́, ibí yìí ni.

Lọ́dún 1943, ará Amẹ́ríkà kan, Robert Dorfman, ronú nípa bí wọ́n ṣe ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ ogun wò lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ ẹni tó ní àrùn ìbálòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní syphilis. Ó ní ẹ da ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀, kẹ́ ẹ yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, gbogbo wọn ti lọ, tó bá wà, ẹ wá yẹ ti wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé àwọn tó ní in kéré, iṣẹ́ dínkù púpọ̀. Array yín náà ti ń da ẹ̀jẹ̀ pọ̀ fúnra ẹ̀: ibikíbi tẹ́ ẹ bá gbé probe sí níwájú ẹ̀, ohùn gbogbo ẹyọ 100 yẹn lẹ máa gbọ́ pọ̀, ibì kọ̀ọ̀kan sì ń pò ó pọ̀ lọ́nà tó yàtọ̀.

Àṣìṣe táwọn èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ní kí ìṣirò wá 97 tó ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ò ṣe é ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n díẹ̀, torí 97 nínú 100 kì í ṣe díẹ̀. Ẹ yí i po. Ẹ mú ohun tẹ́ ẹ wọ̀n nígbà tí array náà ṣì dá ṣáṣá, ẹ yọ ohun tẹ́ ẹ wọ̀n lónìí kúrò nínú ẹ̀. Ohun tó máa ṣẹ́ kù ni ohùn àwọn mẹ́ta tó kú nìkan, bí ẹni pé array kan wà tí ẹyọ mẹ́ta péré ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mẹ́ta nínú 100 ni compressive sensing fẹ́ràn: 3 ní ìlọ́po logarithm 33, bíi 10 ni, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mélòó kan torí ariwo, ibi 30 sí 40 ti tó fún yín láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ìwọ̀n ìgbà tó dá ṣáṣá, array míì irú ẹ̀ tó dáa lè dúró fún un, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí ìyẹn tó bẹ́ẹ̀, torí kò sí array méjì tó jọra délẹ̀délẹ̀, ìyàtọ̀ wọn á sì máa ṣe bí ẹyọ tó kú.

Ibi tó ti máa dójú ti yín rèé. Ní 10 GHz, gígùn ìgbì jẹ́ 3 sẹ̀ǹtímítà. Tí array yín bá sún síwájú pẹ̀lú mìlímítà kan péré láàárín ìwọ̀n àkọ́kọ́ àti ti òní, phase gbogbo ẹyọ yìí á yí pẹ̀lú dìgírì 12, nígbà tẹ́ ẹ bá sì yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ohun tó máa ṣẹ́ kù á tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohùn array náà. Ẹyọ mẹ́ta tó kú ò ju 3 nínú 100 lọ. Ìṣirò á wá sọ fún yín pé gbogbo ẹyọ ló ń ṣàìsàn, ẹ ó sì rò pé sọ́fíwíà ló bàjẹ́. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó tan VNA, ẹ lu ihò sí ìdí array náà àti sí òpó tó gbé e, kẹ́ ẹ fi píìnì irin tó há dáadáa so wọ́n, kó lè jẹ́ pé ibì kan náà ló máa padà sí nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò.